Ta Ni Kò Sí Lórí Ọpọ́n?

Kì í ṣe òní ni a ti ń bi ara wa léèrè nípa eré. Láti ayé àtijọ́ ni àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ti ń jiyàn lórí eré tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní ṣatáránjì, èyí tí a mọ̀ sí ṣẹ́ẹ̀sì lónìí. Àwọn kan kọ̀ ọ́ pátápátá, àwọn kan fàyè gbà á pẹ̀lú àdéhùn. Ìbéèrè méjì ni ó sábà máa ń wà nínú iyàn náà: Ṣé owó tẹ́tẹ́ wà nínú rẹ̀? Ṣé kò ní jẹ́ kí àkókò ìrun kọjá lórí ẹni? Ìbéèrè gidi ni méjèèjì, a kò sì ní fọwọ́ rọ́ wọn sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta wà tí a fẹ́ gbé síwájú yín lóṣù yìí: Bí kò bá tilẹ̀ sí owó níbẹ̀, bí ìrun kò sì kọjá, irú ojú wo ni eré náà ń kọ́ wa láti fi wo ọmọ ẹnìkejì wa?

A béèrè nítorí pé eré àwọn ọ̀dọ́ wa ti kúrò ní ti ayò àti lúdò nìkan. Àwọn eré ọgbọ́n orí tí wọ́n ṣe ní Jámánì, ní Faransé àti ní Amẹ́ríkà ti tàn ká ayé, àwọn kan lórí páálí, àwọn kan nínú kọ̀ǹpútà àti fóònù. Nínú púpọ̀ wọn, iṣẹ́ tí wọ́n ń rán ẹni tó ń ta eré náà kò yàtọ̀ síra: wá ilẹ̀ tuntun, tẹ̀dó sí i, kó ohun tó wà nínú rẹ̀, kí o sì lé ẹni tó bá dí ọ lọ́wọ́. Iṣẹ́ yìí gan-an ni àwọn amúnisìn wá ṣe ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ọmọ ẹni tí wọ́n mú sìn máa fi í ṣe fàájì láìronú?

ERÉ KÌ Í RÌN LÁÌRU ẸRÙ

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé eré kì í gbé ìwà ilẹ̀ kan dé òmíràn, kí ó wo ìrìn-àjò ṣẹ́ẹ̀sì. Ilẹ̀ Íńdíà ni ó ti ṣẹ̀ wá, ó gba Páṣíà kọjá, àwọn Mùsùlùmí gbà á, ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn ará Yúróòpù sì ti kọ́ ọ. Ní èdè Lárúbáwá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ fíìlì, ìyẹn erin, nítorí pé àwọn ọba Íńdíà máa ń kó erin lọ sógun. Nígbà tí ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í fi erin jagun, wọ́n sọ ọmọ kan náà di bíṣọ́ọ̀bù. Olùdámọ̀ràn tó ń dúró ti ọba di ayaba. Ọpọ́n kan náà ni, ṣùgbọ́n ìlú kọ̀ọ̀kan ń to ààfin tirẹ̀ sórí rẹ̀. Lúdò tí a ń ta lọ́jọ́ ọdún náà, ara eré Íńdíà kan tó ń jẹ́ pachisi ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti yọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń jọba lé Íńdíà lórí.

Nítorí náà, bí a bá gba eré kan lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó yẹ kí a yẹ ẹrù tó gbé wá wò, bí ènìyàn ti ń yẹ ọjà wò kí ó tó sanwó.

ERÉKÙṢÙ TÍ KÒ NÍ ONÍLẸ̀

Ní 1995, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Klaus Teuber gbé eré kan jáde tó ń jẹ́ Catan. Ó ti di ọ̀kan nínú àwọn eré ọpọ́n tó gbajúmọ̀ jù láyé. Àwọn tó ń ta á jẹ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé erékùṣù kan. Wọn a la ọ̀nà, wọn a kọ́ abúlé, wọn a sọ abúlé di ìlú, wọn a máa fi igi, bíríkì, irun àgùntàn, ọkà àti òkúta irin ṣe pàṣípààrọ̀ láàárín ara wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ní àmì 10 ló borí. Àwọn ènìyàn yìn ín pé kò sí ogun nínú rẹ̀, òótọ́ sì ni wọ́n sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ọpọ́n náà dáadáa kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Erékùṣù tó ní igbó, oko ọkà àti pápá àgùntàn, kò sí ènìyàn kan tó ń gbé ibẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n ti gbé sórí ilẹ̀ náà kí àwọn àlejò tó dé, inú aṣálẹ̀ ni wọ́n sì gbé e sí. Orúkọ tí wọ́n fún un ni olè. Ẹ ronú sí i: ẹni tí àlejò bá nílé, òun ni àlejò ń pè ní olè! A kò sọ pé Teuber ní èròkérò lọ́kàn. Ohun tí a ń sọ ni pé ìtàn àwọn tó tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà, tí wọ́n ní àwọn bá ilẹ̀ òfìfo, ti mọ́ àwọn ènìyàn lára tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè to irú ọpọ́n bẹ́ẹ̀ láìfura.

Èyí tó tún hàn ju ìyẹn lọ ni eré Puerto Rico, tí Andreas Seyfarth, ará Jámánì náà, gbé jáde ní 2002. Níbẹ̀, olùta eré ní oko ńlá tí ó ń gbin àgbàdo, ẹ̀lú, ìrèké, tábà àti kọfí. Ọkọ̀ òkun a máa kó àwọn ọmọ róbótó aláwọ̀ ilẹ̀ dé, olùta a gbé wọn sórí oko, oko a sì so. Ìwé òfin eré náà pe àwọn ọmọ yìí ní àwọn tó wá tẹ̀dó. Wọn kì í ṣàìsàn, wọn kì í sunkún, wọn kì í sá lọ. Bẹ́ẹ̀, nínú ìtàn tòótọ́, lábẹ́ ìjọba Sípéènì, ọ̀pọ̀ àwọn tó ro oko ìrèké ní Puerto Rico jẹ́ ẹrú tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Áfíríkà, ọdún 1873 ni wọ́n sì tó fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀. Orúkọ ni wọ́n yí padà lórí ọpọ́n, iṣẹ́ náà kò yí padà.

A KÌ Í FÁRÍ LẸ́YÌN OLÓRÍ

Ní 1957, Albert Lamorisse, ará Faransé tó ń ṣe fíìmù, gbé eré kan jáde tí ó pè ní Ìṣẹ́gun Ayé ní èdè rẹ̀. Risk ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí lónìí. Ọdún yẹn ni Ghana gba òmìnira. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn ọmọ ogun Faransé ń jà kíkankíkan ní Àlùjíríà kí ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí náà má baà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Lórí ọpọ́n Risk, wọ́n pín ayé sí agbègbè 42, ẹni tó bá gba gbogbo rẹ̀ ló borí. Yúróòpù ní agbègbè 7. Áfíríkà, tó fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta Yúróòpù, ní 6 péré. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí àwa ń gbé kò tilẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀, Àríwá Áfíríkà ni wọ́n kà á mọ́. Ẹni tó bá gba gbogbo Yúróòpù, ọmọ ogun 5 ni èrè rẹ̀ ní ìgbàkúùgbà tó bá kàn án. Ẹni tó bá gba gbogbo Áfíríkà, 3 ni.

Ẹnikẹ́ni tó bá ka ìtàn yóò rántí tábìlì mìíràn tí wọ́n tẹ́ àwòrán Áfíríkà sí báyìí. Láti oṣù kọkànlá 1884 títí di oṣù kejì 1885, orílẹ̀-èdè 14 jókòó ní Bẹ̀líìnì, wọ́n fi ẹnu kò lórí òfin tí wọn yóò fi máa gba ilẹ̀ Áfíríkà láìbá ara wọn jà. Ìjọba Tọ́kì, tí í ṣe ti Mùsùlùmí, wà lára wọn. Ọmọ Áfíríkà kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀. Àwọn baba wa ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ní Bẹ̀líìnì, wọ́n fá orí wa lẹ́yìn wa. Eré tó bá sì fi ènìyàn jókòó sídìí irú tábìlì yẹn, tí kò jẹ́ kí olórí wà níbẹ̀, abẹ ìfárí ló ń fi lé e lọ́wọ́.

Àwọn géèmù kọ̀ǹpútà kò fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ rárá. Ní 1993, òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà kan, Alan Emrich, kó iṣẹ́ inú irú géèmù bẹ́ẹ̀ jọ sí ọ̀rọ̀ mẹ́rin: wá ilẹ̀ kiri, fẹ ilẹ̀ rẹ sí i, kó ohun inú rẹ̀, pa àwọn yòókù run. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí, tí wọ́n gé kúrú sí 4X, ni wọ́n fi ń pe odidi ẹ̀yà géèmù kan títí di òní, àwọn tó ń ta á kò sì rí ohun ìtìjú nínú rẹ̀.

ÀWỌN ONÍṢÍÀ LỌ́ŃDỌ̀NÙ ÀTI ÌLỌRIN

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà súnmọ́lé. Ní 2015, Alexander Pfister ṣe eré kan tó ń jẹ́ Mombasa. Ilé iṣẹ́ òwò mẹ́rin wà lórí ọpọ́n Áfíríkà, ní Mombasa, Cape Town, Saint-Louis àti Káírò. Olùta eré a máa ra ṣíà nínú wọn, ilé iṣẹ́ a máa tàn ká orí ilẹ̀, iye ṣíà a máa gòkè. Ẹni tí owó rẹ̀ bá pọ̀ jù ló borí.

Irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àlá ní ilẹ̀ wa. Ní 1886, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ilé iṣẹ́ òwò kan, Royal Niger Company, ní ìwé àṣẹ láti máa ṣòwò kí ó sì máa ṣèjọba lẹ́bàá Odò Ọya. Ilé iṣẹ́ yìí ní ọmọ ogun tirẹ̀. Ní oṣù kìíní 1897, wọ́n ṣẹ́gun Bídà. Ní oṣù kejì, wọ́n kó ìbọn ńlá dojú kọ Ìlọrin, ìlú àwọn àáfà, ìlú tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ kéú ilẹ̀ Yorùbá ti gba ẹ̀kọ́. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ náà kúrò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ yìí ní 1900, £865,000 ni wọ́n san fún wọn. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n san án fún. Ìlọrin àti Bídà kò gba nǹkan kan.

Ní báyìí, ẹ fojú inú wo ẹni tó ra ṣíà jókòó sílé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún náà. Ó lè jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́ tí kì í pa kòkòrò. Kò gbọ́ ìró ìbọn, kò rí ilé tó jóná. Ìwé ló dé ọwọ́ rẹ̀ pé èrè wà. Ohun tí eré bíi Mombasa ń kọ́ni nìyẹn, kì í kọ́ ènìyàn ní ìkà, ìjókòó ẹni tí kò rí nǹkan ló ń kọ́ ọ. A sì gbàgbọ́ pé ẹ̀kọ́ kejì yìí léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé òǹrorò mọ̀ pé òun ń ṣe ibi, ó lè ronú pìwà dà lọ́jọ́ kan. Ẹni tí kò rí ẹni tí ó ṣẹ̀, ta ni yóò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀?

ÀWỌN TÓ NÍ ERÉ LÁSÁN NI

Àwọn kan yóò sọ pé, "Ẹ̀yin aáfà wọ̀nyí, eré lásán ni, kì í ṣe ilẹ̀ gidi, kì í ṣe ènìyàn gidi." A gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà ló ń sọ fún òbí pé ṣẹ́ẹ̀sì ń kọ́ ọmọ ní sùúrù, pé ayò ń kọ́ ọ ní ìṣirò. Bí eré bá lè kọ́ni ní sùúrù, ó lè kọ́ni ní ojúkòkòrò. A kò lè gba èrè rẹ̀ kí a kọ gbèsè rẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ sì ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé ìtàn ni eré náà ń sọ, pé sísọ ìtàn kì í ṣe gbígbè é lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ yìí ní òótọ́ nínú. Ẹni tó fẹ́ mọ bí àwọn amúnisìn ṣe ronú lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ nídìí ọpọ́n wọn. Ṣùgbọ́n ìwé owó tó kọ èrè sílẹ̀ tí kò kọ ìnáwó, ta ni yóò pè é ní ìwé owó tó pé? Ìtàn oko ìrèké láìsí ẹrú, ìdajì ìtàn ni.

Àwọn kẹta yóò bi wá pé, "Ayò ńkọ́? Ṣé òun náà kì í jẹ ọmọ ẹlòmíràn ni?" Ìbéèrè yìí dùn mọ́ wa, nítorí a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé a ní áńgẹ́lì ni àwọn baba wa. Ìbàdàn fi àwọn ajẹ́lẹ̀ ni ìlú ẹlòmíràn lára títí tí Ogun Kírìjí fi bẹ́ sílẹ̀ ní 1877. Yorùbá kó Yorùbá lẹ́rú, àwọn ọba Mùsùlùmí náà kó ẹrú. Ayò náà sì jẹ́ eré ìjàkadì, ẹni tó mọ̀ ọ́n ta máa ń fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀ ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Ilé 12, ọmọ 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjèèjì tó ń ta á wà lórí ọpọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ojú kojú ni wọ́n sì jókòó. Bí gbogbo ilé ẹnìkan bá ṣófo, òfin ni pé kí ẹnìkejì ta ọmọ wọ ibẹ̀ bí ó bá lè ṣe é, kí eré lè máa lọ. Ìjà wà nínú ayò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí wọ́n pa rẹ́ kúrò kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí a ń wá nìyẹn.

ÀWỌN TÓ Ń TÚN UN ṢE

Ó dára kí a sọ pé àwọn tó ń ṣe eré wọ̀nyí náà ti ń gbọ́ àríwísí. Ní oṣù kìíní 2018, Milton Tootoosis, ọ̀kan nínú àwọn olórí àwọn Cree ní Kánádà, kọ̀ ọ́ pé wọ́n fi baba ńlá wọn Poundmaker sínú géèmù Civilization bí ẹni tí ìṣẹ́gun ilẹ̀ jẹ lógún, ìwà tó ní kò bá ti àwọn ènìyàn òun mu. Ní 2019, ilé iṣẹ́ GMT Games ní Amẹ́ríkà fa eré kan tó fẹ́ gbé jáde lórí bí Yúróòpù ṣe pín Áfíríkà sẹ́yìn lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn bínú sí i. Ní 2022, wọ́n tún Puerto Rico gbé jáde, wọ́n sún ìtàn rẹ̀ sí 1897, lẹ́yìn tí kò sí ẹrú níbẹ̀ mọ́. Nínú Spirit Island, tí R. Eric Reuss ṣe ní 2017, olùta eré dúró ti àwọn onílẹ̀, àwọn tó wá tẹ̀dó ni ó ń lé lọ.

Mombasa náà yí padà ní 2022. Wọ́n fún un ní orúkọ tuntun, Skymines, wọ́n sì gbé e kúrò ní Áfíríkà lọ sí òṣùpá. Ẹ ò rí i bí! Òfin eré náà kò yàtọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kí ó tó lè mọ́ ní ẹ̀ṣẹ̀, ó di dandan kí wọ́n wá ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbé ní tòótọ́. Ilẹ̀ òfìfo tí wọ́n ní àwọn bá ní Áfíríkà, òṣùpá ni wọ́n ti wá rí i.

MAKOKO ÀTI BANANA ISLAND

Bí ọ̀rọ̀ náà bá mọ sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, a kì bá má yọ yín lẹ́nu. Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni pé ojú tí eré wọ̀nyí ń fúnni ti di tiwa.

Obìnrin ọmọ Amẹ́ríkà kan, Lizzie Magie, gba ìwé àṣẹ lórí eré kan ní 1904 láti fi han àwọn ènìyàn bí ẹni tó kó ilẹ̀ jọ ṣe ń sọ àwọn yòókù di tálákà. Láti ara eré rẹ̀ ni Monopoly ti jáde ní 1935, èyí tí gbogbo ayé fi ń kọ́ bí ènìyàn ṣe lè jẹ́ ẹni tó kó ilẹ̀ jọ. Àníyàn Magie dára, ṣùgbọ́n òfin eré ló kọ́ àwọn ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe àníyàn rẹ̀. Ní oṣù kejìlá 2012, wọ́n gbé Monopoly ti ìlú Èkó jáde. Banana Island wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú owó gọbọi, Makoko náà wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú owó pọ́ọ́kú. Ní oṣù keje ọdún kan náà, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti wó ọ̀pọ̀ ilé ní Makoko, níbi tí àwọn apẹja ń gbé lórí omi láti ìran dé ìran. Lórí páálí, Makoko jẹ́ ibi tí a lè rà. Kò sí káàdì kankan tó béèrè pé, "Ta ló ń gbé ibẹ̀?"

Kì í ṣe páálí ló wó ilé wọn, a mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń ta eré lónìí ni yóò di kọmíṣọ́nnà, agbẹjọ́rò, ayàwòrán ilẹ̀ àti alágbàṣe lọ́la. Bí ọmọ bá ti ń wo ilẹ̀ bí ohun tí kò ní ènìyàn lórí láti kékeré, nígbà tí wọ́n bá gbé àwòrán àdúgbò tálákà síwájú rẹ̀ ní ọ́fíìsì, kí ni yóò rí? Òyìnbó ti lọ, àga rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ọmọ wa ló jókòó sí i.

Nítorí náà, a kò dá ẹjọ́ haráámù tàbí haláálì lórí eré kan nínú àpilẹ̀kọ yìí, iṣẹ́ àwọn tó mọ̀ jù wá lọ nìyẹn. Ohun tí a ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ máa bi ọpọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó fọwọ́ kan ọmọ eré. Ta ló ni ilẹ̀ yìí kí a tó dé? Ta ló ń ṣe iṣẹ́ tí a ń jèrè rẹ̀? Ta ni kò sí lórí ọpọ́n? Ẹ bi àwọn àbúrò yín pẹ̀lú, nígbà tí eré bá ń lọ lọ́wọ́. Ọmọ tó bá mọ ìbéèrè wọ̀nyí lè ta Catan láti àárọ̀ títí di alẹ́, kí ó má gbàgbé pé ẹnìkan ti wà nínú aṣálẹ̀ yẹn kí òun tó dé. Bí ó bá sì di ẹni tí wọ́n gbé ìwé ilẹ̀ gidi síwájú rẹ̀, yóò béèrè kí ó tó fọwọ́ sí i.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ojú tí a ó fi máa rí ẹni tí wọn kò fi hàn wá. Àmín.